Kọ́kọ́rọ́ owó yín ni nọ́ńbà yẹn o!

Ẹ̀yin ará Muṣin, ẹ gbọ́ o. Láti 2001 ni Visa ti gbé ètò kan jáde tó ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi káàdì rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lóde òní, OTP ni ọ̀pọ̀ báńkì ń lò: nọ́ńbà àlòkan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa. Bí olè bá tiẹ̀ mọ nọ́ńbà ara káàdì yín, níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè OTP, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́ pé ká má fi han ẹnikẹ́ni. Màmá mi tó ń ta ata lọ́jà Ojúwòyè kò gbọ́ Òyìnbó. Ọmọ tó bá wà nítòsí ló ń bá a ka àtẹ̀jíṣẹ́. Bí gbájúẹ̀ bá wá pè é pé báńkì lòun ńkọ́?

Mo bi í pé, "Màámi, ṣé ẹ lè fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yín?"

Ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ náà nìyẹn."

Ó yé e. Ẹ sọ fún màmá tiyín náà. Ẹ̀yin báńkì, ẹ bá wa kọ ọ́ ní Yorùbá o!