Ọ̀nà Oko Bàbá Mi àti Ọ̀nà Orí Òkè Georgia

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀ nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi, orí òkè kan ní Amẹ́ríkà ni òwe náà ti tó yé mi, níbi tí mo gbé ń fi ọkọ́ wa ẹrẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí n kò mọ ẹni tí yóò rìn ín.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni mo gba abẹ́ ètò Fulbright lọ sí ìpínlẹ̀ Georgia, láti ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ èdè Yorùbá fún oṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi níbẹ̀ sọ fún mi ní ọjọ́ Jímọ̀ kan pé òun ń lọ ro ọ̀nà lórí òkè ní ọjọ́ kejì. Mo bi í léèrè iye tí wọ́n ń san. Ó ní wọn kì í san kọ́bọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, nítorí mo ti gbọ́ pé ilé-ẹjọ́ wọn a máa dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn arúfin. Mo fi ọgbọ́n bi í bóyá ó ti ṣẹ̀ sí ìjọba. Ẹ̀rín tí ó rín lọ́jọ́ náà pọ̀. Òun náà ni ó ní kí n kúkú tẹ̀ lé òun lọ wò ó.

Ọ̀nà tí mò ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní Appalachian Trail. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbà á. Láti òkè Springer ní Georgia ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì la ìpínlẹ̀ 14 kọjá kí ó tó dé òkè Katahdin ní Maine. Gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 3,500. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Benton MacKaye ni ó dá àbá rẹ̀ ní ọdún 1921, wọ́n sì là á já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ní ọdún 1937. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbà á wọlé ní ọdún 1968, síbẹ̀ ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú rẹ̀ wà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀. Àwọn ti Georgia ń bójú tó nǹkan bíi kìlómítà 126.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí tí ó dùn mọ́ mi ni àmì ọ̀dà funfun tí wọ́n kùn sára igi. Íńṣì 6 ni gígùn rẹ̀, íńṣì 2 ni ìbú rẹ̀. Bí èèyàn bá rí méjì tí ọ̀kan wà lókè èkejì, kí ó ṣọ́ra, ọ̀nà fẹ́ yà nìyẹn. Mo rántí ewé tútù tí àwọn àgbẹ̀ wa máa ń fi dí ẹnu ọ̀nà tí wọn kò gbà, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Àrokò ni tiwa, àrokò náà ni tiwọn.

Bàbá àgbàlagbà kan, olùkọ́ ìṣirò tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó ń darí wa. Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. ‘Sà’ ni mo ń pè é títí tí mo fi kúrò ní ìlú wọn, òun náà sì fi mí sílẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ fún wa. Èyí tí wọ́n ń pè ní Pulaski wù mí púpọ̀: ẹnu kan rẹ̀ jẹ́ àáké, ẹnu kejì jẹ́ ọkọ́, orí kan náà ni méjèèjì wà. Orúkọ Edward Pulaski ni wọ́n fi sọ ọ́, aṣọ́gbó tí ó kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ inú ihò ìwakùsà nígbà tí iná ńlá ń jó igbó ní ìpínlẹ̀ Idaho lọ́dún 1910, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì là á já.

Lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Blood Mountain, òfin kò fàyè gba ayùn alágbára ẹ̀rọ, nítorí pé igbó àìro ni ìjọba fẹ́ kí ó jẹ́. Ayùn gbọọrọ ọlọ́wọ́ méjì ni a fi gé igi tí ó wó dí ọ̀nà. Èmi wà ní apá kan, Bàbá olùkọ́ ìṣirò wà ní èkejì. Mo fi agbára tì í, ayùn náà tẹ̀, ó sì há. Ó ní kí n má ṣe tì í mọ́: kí n fà á nígbà tí ó bá kàn mí, kí n sì dẹ ọwọ́ nígbà tí ó bá kan òun. Ó tó wákàtí kan kí n tó mọ bí a ti ń dẹ ọwọ́. Ní ọjọ́ kan náà ni mo di ìtàkùn kan mú tí ewé rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Wọn kò tíì kìlọ̀ fún mi. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń họra bí ẹni tí ó kó sí wèrèpè, tí mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àmì ohùn pẹ̀lú ọwọ́ wíwú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe igi ni iṣẹ́ náà gan-an, kì í sì í ṣe koríko. Omi ni. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti dagun, wọ́n ti ri òkúta tàbí ìtì igi mọ́lẹ̀ ní ìdábùú tí ó dagun díẹ̀, kí omi òjò tí ń bọ̀ láti òkè lè kọlù ú, kí ó sì yà sínú igbó. Ewé àti ẹrẹ̀ a máa kún ẹ̀yìn àwọn ìdábùú wọ̀nyí. Bí wọ́n bá ti kún, omi yóò fò wọ́n kọjá, yóò sì sọ ọ̀nà di ipa odò. Iṣẹ́ wa ni láti wa ẹrẹ̀ yẹn kúrò, kí a sì la ojú ibi tí omi yóò gbà jáde kí ó fẹ̀. Bàbá náà sọ fún mi pé koríko ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé máa ń dojú kọ, nítorí pé òun ni ojú ń rí. Mo dákẹ́. Mo fi ọkọ́ ti ilẹ̀, mo jókòó sórí òkúta. Ó rò pé ó rẹ̀ mí ni.

Kí ó tó di ọdún náà, ní ọdún 2009, bàbá mi ti ránṣẹ́ sí mi láti abúlé wa, tí kò jìnnà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, pé ọ̀nà oko kòkó ti fẹ́ pa dé, kí n wá kí a jọ ro ó. Àwọn tí wọ́n jọ ń ro ó tẹ́lẹ̀ ti kú tán, tàbí kí wọ́n ti tẹ̀ lé ọmọ lọ sí ìlú ńlá. Èmi ń máàkì ìwé ìdánwò nígbà náà. Mo fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n fi gba lébìrà, ara mi sì balẹ̀ pé mo ti ṣe ojúṣe ọmọ. Àwọn lébìrà ṣán ọ̀nà náà, ó mọ́ fónífóní, ó fẹ̀. Wọ́n hú koríko tí ó di ilẹ̀ mú, wọn kò sì fọwọ́ kan ojú àgbàrá kan ṣoṣo. Nígbà tí òjò ọdún náà fi máa dá, àgbàrá ti gbẹ́ kòtò sí àárín ọ̀nà. Inú kòtò yẹn ni bàbá mi ṣubú sí pẹ̀lú ẹrù lórí, tí orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti lè dé oko ẹ̀yìn odò mọ́. Kò bá mi wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sọ fún mi: ‘Ọ̀nà ni wọ́n ro, wọn kò bá omi sọ̀rọ̀.’ N kò bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tí ìrora ń bá jà ni.

Ẹ má ṣe rò pé mò ń sọ pé òyìnbó sàn jù wá lọ. Àwọn baba wa ní àárò, gbèsè tí olúkúlùkù ń san padà lórí oko ẹnì kejì. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀, tòun ti oúnjẹ àti ẹmu. Iṣẹ́ ìlú sì wà, pẹ̀lú owó ìtanràn fún ẹni tí kò bá yọjú. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a mọ ẹni tí a ń ṣe é fún, òun náà sì mọ̀ wá. Àwọn ará Georgia wọ̀nyẹn a máa wa ọkọ̀ fún wákàtí méjì lọ tún ọ̀nà ṣe fún àlejò tí wọn kò ní í rí láéláé, bẹ́ẹ̀ Bàbá olùkọ́ ìṣirò fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun kò mọ orúkọ ẹni tí ilé rẹ̀ kángun sí ti òun. Títí di òní n kò mọ èyí tí ǹ bá yàn nínú méjèèjì. Ìgbà mẹ́fà ni mo bá wọn lọ kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé.

Mo padà dé ní ọdún 2012. Ní oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò dá, mo lọ sí abúlé, mo sì kéde pé a fẹ́ ro ọ̀nà oko. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí pé, ‘Bọ̀dá Tíṣà, ta ni yóò sanwó?’ Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé. Èèyàn 4 ni ó wá: àbúrò mi, ẹgbẹ́ mi kan, opó kan tí oko rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Bàbá mi jókòó sórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Bí a ti ń wọlé lọ ni ó ń pe orúkọ ibi tí ó wà níwájú fún wa: Ìdí Ìrókò, Orí Àpáta, Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ. Ìrókò ti lọ tipẹ́. Bí kì í bá ṣe pé bàbá wà níbẹ̀, orúkọ náà ìbá ti bá igi lọ.

Mo ri òkúta ní ìdábùú ní ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀nà ti dagun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi. Bàbá ní kí wọ́n gbé korobá omi kan wá. Ó fi ọ̀pá rìn dé ibẹ̀, ó da omi náà sílẹ̀ láti òkè, ó sì ń wò ó. Omi dé ìdí òkúta, ó dúró, apá kan yà sínú igbó, apá kan fò ó. Ó ní kí n sún òkúta ìsàlẹ̀ sí apá ọ̀tún sí i, kí n sì jẹ́ kí ó jìn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé omi wá.

Ó kú ní ọdún 2017. Ọjọ́ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù kọkànlá ni a ṣì máa ń lọ. Èèyàn 7 ni a jẹ́ ní èṣí, méjì nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Etí odò ni ọ̀nà náà parí sí. Orúkọ ibi mẹ́rin ni bàbá sọ fún mi ní òdìkejì odò, mo kọ wọ́n sínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ẹsẹ̀ mi tẹ ọ̀kankan nínú wọn.