Amaterasu ní Ọjà Okaishie

Ní ọdún 1999 ni Masashi Kishimoto bẹ̀rẹ̀ ìtàn aláwòrán kan tí ó pè ní Naruto nínú Weekly Shonen Jump, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọdékùnrin ilẹ̀ Japan máa ń kà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fi kọ ọ́. Nígbà tí ó parí ní oṣù Bélú ọdún 2014, ìtàn náà ti ní orí 700, ìwé 72 ni gbogbo rẹ̀ sì jẹ́. Ẹ̀dà tí wọ́n ti tà káàkiri àgbáyé ti lé ní mílíọ̀nù 250. Láti ọdún 2002 ni ó ti di fíìmù aláwòrán lórí amóhùnmáwòrán. Ọmọ òrukàn kan ni Naruto, tí wọ́n fi èdìdì dé ẹ̀mí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírù mẹ́sàn-án mọ́ inú rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, tí àwọn ará abúlé rẹ̀ sì ń yẹra fún un.

Orúkọ inú ìtàn náà ni ó fà mí mọ́ra, nítorí iṣẹ́ ẹ̀dá-èdè kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ orúkọ kí ó kọjá lọ. Ìdílé kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Uchiha, tí agbára àwọn akọni rẹ̀ ń bẹ lójú. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tẹjú mọ́ ọ̀tá, iná dúdú lè bo onítọ̀hún. Amaterasu ni orúkọ iná náà. Èyí tí ń ti ènìyàn wọ inú àlá burúkú ń jẹ́ Tsukuyomi, òmìrán jagunjagun tí ń dáàbò bo ẹni tí ó pè é ń jẹ́ Susanoo. Kishimoto kò nílò láti dúró ṣàlàyé fún ọmọ ilẹ̀ Japan pé òrìṣà oòrùn, ti òṣùpá àti ti ìjì ni wọ́n. Ọmọ náà ti gbọ́ ọ nílé. Nínú Kojiki, ìwé tí Yasumaro parí ní ọdún 712, a kà pé nígbà tí Izanagi ti ilẹ̀ àwọn òkú dé tí ó ń wẹ ara rẹ̀ mọ́, ojú òsì ni Amaterasu ti jáde, ojú ọ̀tún ni Tsukuyomi ti jáde, imú ni Susanoo ti jáde. A rí i, nígbà náà, pé kò ṣàdédé jẹ́ ojú. Ẹni tí Yasumaro sì gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀ ni Hieda no Are, tí kì í gbàgbé ohun tí ó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, ọmọ awo ni à bá pè é. Ọmọ ilé ni Kishimoto kọ̀wé sí. Àwọn ògbufọ̀ ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwa tó kù, wọ́n sì fi orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ bí wọ́n ti bá wọn.

Ọjà Okaishie ni èmi ti bá wọn pàdé. Àárín gbùngbùn ìlú Accra ni ọjà náà wà, níbi tí àwọn alátùntà ti ń ra oògùn òyìnbó àti ọtí ní páálí páálí. Àwọn Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ṣakí, kún inú àwọn ọjà Gánà títí di ọjọ́ 18 oṣù Bélú ọdún 1969, tí ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ẹrù wọn. Èmi náà wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n gbé sórí ẹrù nínú ọkọ̀ lọ́dún náà. Àwọn kan padà lọ nígbà tí ó yá. Ìdílé ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń tajà ní Okaishie, tí ọmọkùnrin tirẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, máa ń ràn lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí kò bá sí ilé ìwé.

Àpò ìwé ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ rí, tí àwòrán Itachi, ọ̀kan nínú àwọn Uchiha, wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ojú pupa. Mo bi í ní Yorùbá pé ta nìyí. Ó gbọ́ mi yékéyéké, ṣùgbọ́n Twi ni ó fi dáhùn, bí ó ti máa ń ṣe. Kí wọ́n tó di páálí mẹ́wàá sínú ọkọ̀, ó ti to ìdílé Uchiha fún mi bí ẹni ń ki oríkì. Nígbà tí ó dé orí iná dúdú, mo ní, “Tiwa tí ń yọ iná lẹ́nu ńkọ́?”

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣàngó ni, Bàbá. Mọ́mì ò fẹ́ kí n máa dárúkọ ẹ̀.”

Yorùbá ni ó fi sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

N kò bá ìyá rẹ̀ wí. Ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó ra àpò ọ̀hún. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ojúbọ Amaterasu wà ní ìlú Ise títí di òní, pé ogún ọdún ogún ọdún ni wọ́n ń tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀, tí èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn sì jẹ́ ti ọdún 2013. Àwọn kan ń lọ wárí fún Amaterasu ní Ise, àwọn ọmọ wọn ń fi orúkọ rẹ̀ ṣeré, ilé kò sì dàrú. Lọ́dọ̀ tiwa, òrìṣà àlejò ni ìtàn, ti ilé ni ẹ̀ṣẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwa akọ́mọlédè wo ibòmíràn pẹ̀lú. Sílébù èdè Japan jọ tiwa púpọ̀: kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ̀lì kan, tàbí fáwẹ̀lì nìkan, tàbí aránmúpè aṣesílébù. A-ma-te-ra-su rọrùn lẹ́nu ọmọ Okaishie. Kò fi nǹkan kún un, kò yọ nǹkan kúrò. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn ẹnu nìkan kọ́. Àmì tí àwọn ará Japan yá lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà láti fi kọ èdè wọn, tí ìjọba kà sí èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò, lé ní 2,000. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò tíì mọ ìdajì wọn. Nítorí náà, nínú ìwé àwọn ọmọdé, wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bí a ti ń pè é. Furigana ni wọ́n ń pè é, kò sì wọ́n nínú Weekly Shonen Jump. Ìyọnu ni fún atẹ̀wé, síbẹ̀ wọn kò sọ pé ọmọ yóò mọ̀ ọ́n tí ó bá yá. Àwa ní àmì ohùn. Ta ni nínú wa tí atẹ̀wé kò tíì sọ fún pé àmì wọ̀nyí ń dí ojú ìwé, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí à ń wí?

Àwọn ọ̀dọ́ wa kò káwọ́ gbera. Ní Accra, Leti Arts, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ti fi Ananse sínú ìtàn aláwòrán. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà, gbé Iyanu: Child of Wonder jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2021, ní oṣù Igbe ọdún 2025, ó dé orí Cartoon Network. Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ kò bí mi nínú, ibi tí owó wà ni wọ́n tà á sí. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó ká mi lára. Ìlú inú ìtàn náà ń jẹ́ Elu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́, láìsí àmì kankan. Mo kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ní kí wọ́n fi àmì sí i. Ọ̀kan sọ ọ́ di ẹ̀lú tí a fi ń pa aró. Èkejì fi ohùn ìsàlẹ̀ sí fáwẹ̀lì méjèèjì. Ẹ̀kẹta fi ohùn àárín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní orúkọ ìlú kì í fi dandan ní ìtumọ̀. N kò rí èyí tí mo lè fi máàkì dù.