Àpò Tó Ń Mú Sùúrù

Awọ kan wà tí alápatà máa ń fi ọ̀bẹ bọ́ kúrò lára ọkàn màlúù kó tó jù ú sórí àtẹ. Kì í tà á, ajá ni í kàn. Kí wá ni iṣẹ́ ohun tí wọ́n ń jù sọ́nà fún ajá yìí nígbà tí ẹran ṣì wà láàyè?

Ọkàn fúnra rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ẹ là á sí méjì, ẹ ó rí i pé ògiri apá òsì, tó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti apá ọ̀tún, tí kò tì í kọjá ẹ̀dọ̀fóró. Awọ tín-ín-rín tó ń dán tẹ́ inú rẹ̀, òmíràn lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni awọ tí alápatà ń jù fún ajá, àpò tó yí ọkàn ká. Omi díẹ̀, mìlílítà 15 sí 50, wà láàárín òun àti ọkàn, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn.

Àpò yìí yi, kì í tètè nà. Bí ọ̀bẹ bá gún ọkàn, ẹ̀jẹ̀ 200 mìlílítà, tí kò tó ìdajì ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan, lè kún inú rẹ̀ kó sì há ọkàn mọ́ pa. Lọ́dún 1893, ní Chicago, Daniel Hale Williams, oníṣẹ́ abẹ aláwọ̀ dúdú, la àyà James Cornish tí wọ́n gún lọ́bẹ. Àpò náà ló rán. Kò fọwọ́ kan ọgbẹ́ ara ọkàn. Cornish yè. Ọdún 1896 ni Ludwig Rehn tó rán ògiri ọkàn gan-an ní Frankfurt.

Mo fẹ́ fi ìyẹn yin àpò náà kí n sì dákẹ́, Ìyá Olóbì ni ò jẹ́. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Ikọ́ ife ló wọ àpò ọkàn wọn, omi sì ń sun síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn wú, a ní ara àgbà ni. Wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, a fi ìrọ̀rí kún ìrọ̀rí. Ìgbà tí dókítà fi abẹ́rẹ́ fa omi náà, ó lé ní líta kan. Líta kan o! Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ń pa ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ.

Àṣé bí omi ṣe yára tó ló ń pani ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Èyí tó bá rọra wọlé, àpò á máa nà fún un, á máa gbà á mọ́ra. Ìfaradà yẹn gan-an ni mo ń bá jà báyìí. Ká ní àpò náà kọ̀ jálẹ̀ níjọ́ kìíní ni, Ìyá Olóbì ì bá dákú lójú wa, à bá sì tètè sáré.

Ìyá Olóbì fúnra wọn wo omi inú ìgò títí, wọ́n ní: "Gbogbo eléyìí ló wà láyà mi, tí mo ń gbé igbá obì gun Òkè Mọ́kọ́lá?"