Kí Wọ́n Tó Gbin Eyín Sí Yín Lẹ́nu

Ó ti tó ọdún márùn-ún báyìí tí eyín iwájú mi kan yọ. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Kàdúná, níbi tí èmi àti ọkọ mi ti ń gbé láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ kékeré rí mọ̀ pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ padà sí kíláàsì, ọmọdébìnrin kan tẹjú mọ́ ẹnu mi, ó sì fi èdè Hausa bi mí bóyá èmi náà ń pàrọ̀ eyín ni. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi máa ń dé ẹnu kí ẹ̀rín tó dé ibẹ̀.

Ìgbéyàwó àkọ́bí mi obìnrin kù bí oṣù méjì nígbà yẹn. Ọkọ mi ní kí n ra eyín àtọwọ́dá tí a máa ń yọ, tí a tún máa ń kì bọ ẹnu. Ó ní, "Ta ni yóò mọ̀?" Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo rántí ìyá mi àgbà, tó máa ń kó eyín tirẹ̀ sínú ife omi lálaalẹ́, tí àwa ọmọ sì máa ń sá fún ife náà bí ẹni sá fún ejò. Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi nípa eyín gbígbìn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní implant. Ó ní bí mo bá ṣe é, kò sẹ́ni tí yóò dá a mọ̀ yàtọ̀ sí eyín àbínibí.

Ilé ìwòsàn aládàáni tí mo lọ mọ́ tónítóní. Wọ́n wò mí lẹ́nu, wọ́n ya X-ray kan, wọ́n dárúkọ owó, mo sì san án. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: "Ṣé yóò parí kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé?" Wọ́n ní yóò parí. Wọn kò bi mí bóyá mo ní àìsàn kankan, èmi náà ò sì sọ. Mi ò sọ pé èrìgì mi máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tí mo bá ń fọ ẹnu. Mi ò sọ pé òùngbẹ máa ń gbẹ mí ṣáá, tí mo sì ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Kí ni ìtọ̀ fẹ́ wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ eyín?

Mo rẹ́rìn-ín dáadáa níbi ìgbéyàwó náà. Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mi tó bímọ, eyín náà ti ń mì. Èrìgì ibẹ̀ wú, ó ń ṣọyún, ẹnu mi sì ń rùn. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní ara mi ni kò gbà á. Owó mi kò padà. Egungun tó wà lábẹ́ eyín náà sì ti jẹ dànù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo wá gbà lọ. Dókítà obìnrin tí mo bá níbẹ̀ kò tíì ní kí n la ẹnu tó fi bi mí ní ìbéèrè lóríṣiríṣi. Nígbà tí mo dárúkọ òùngbẹ àti ìtọ̀ òru, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ná." Bí wọ́n ṣe rí i nìyẹn pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Eyín ni mo bá lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí mi ni mo bá níbẹ̀.

Ohun tí dókítà yẹn kọ́ mi ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mọ̀ kí ẹ tó náwó yín. Eyín gbígbìn kì í ṣe ohun tí a ń rà bí bàtà. Apá mẹ́ta ló ní: síkúrù kékeré kan tí wọ́n ń yí wọ inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ohun tí wọ́n ń so mọ́ orí rẹ̀, àti orí eyín tí ojú ń rí. Titanium ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe síkúrù náà, nítorí egungun máa ń gbà á mọ́ra. Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Per-Ingvar Brånemark, ló ṣàkíyèsí èyí ní ọdún 1952, nígbà tó ń fi ehoro ṣèwádìí. Ó fi titanium sínú egungun ehoro, nígbà tó sì fẹ́ yọ ọ́, kò yọ mọ́. Ní 1965, ó gbìn ín sí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gösta Larsson lẹ́nu. Ọkùnrin náà lò ó fún ohun tó lé ní 40 ọdún, títí ó fi kú ní 2006.

Ṣùgbọ́n gbígbà mọ́ra yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹni tó bá gbin igi ẹ̀gẹ́, tó wá ń mì ín lójoojúmọ́, ṣé yóò ta gbòǹgbò? Lóòótọ́, a rí ẹni tí wọ́n lè fi eyín onígbà díẹ̀ sí lẹ́nu lọ́jọ́ kan náà, bí egungun rẹ̀ bá dára. Dókítà ló ń wo ìyẹn. Kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó ló ń pinnu rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ sọ gbogbo àìsàn yín àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Ìtọ̀ ṣúgà tí kò sí ìkáwọ́ kì í jẹ́ kí egbò tètè jinná. Sìgá náà ń dènà ìwòsàn ibẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tí ń mú egungun le, tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ní orí tàbí ọrùn rí. Bí èrìgì bá ń ṣàìsàn, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò sàn. Mo bèèrè fún ọmọ ará ilé wa kan, ọmọ ọdún 14, tí eyín rẹ̀ yọ níbi bọ́ọ̀lù. Dókítà ní kó dúró di ìgbà tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá dàgbà tán, nítorí eyín gbígbìn kì í bá egungun dàgbà.

Ẹ bèèrè ohun tí owó náà kó. Ṣé apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni? Bí egungun bá kéré tí wọ́n ní láti fi kún un ńkọ́? Bí eyín náà bá kọ̀ ńkọ́? Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ irú síkúrù náà àti ìwọ̀n rẹ̀ sí, kí dókítà mìíràn lè mọ ohun tó wà lẹ́nu yín lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má sì tijú láti bèèrè ìwé àṣẹ. Medical and Dental Council of Nigeria ló ń forúkọ àwọn dókítà eyín sílẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń gba ìwé àṣẹ tuntun.

Ọdún kan gbáko ni mo fi tọ́jú ṣúgà àti èrìgì mi kí wọ́n tó fi èròjà kún egungun náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbin eyín mìíràn, tí mo tún dúró fún oṣù mẹ́fà. Ó ti wọlé dáadáa báyìí. Kòkòrò kò lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n èrìgì tó yí i ká lè ṣàìsàn, nítorí náà mò ń fọ ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì ń lọ fún àyẹ̀wò.

Ní gbogbo ìgbà tí mo ń dúró yẹn, kí ni mo fi sẹ́nu? Eyín àtọwọ́dá tí a ń yọ ni. Èmi náà ń kó o sínú ife omi lálaalẹ́ bí ìyá mi àgbà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ṣìnà kí n tó bèèrè. Nígbà mìíràn tí mo bá wo fọ́tò ìgbéyàwó yẹn, mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé, "Dádì, bí mo bá ti gbọ́ tiyín ni, bí fọ́tò yìí ṣe máa rí náà nìyí."