Níbi tí Wọ́n ti ń Fi Ìrẹ̀ Ta Tẹ́tẹ́

Ìrẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń hú nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń sun jẹ, ọjà ńlá ni nílẹ̀ Ṣáínà o! Ẹni tó bá dé Ningyang ní ìpínlẹ̀ Shandong nínú oṣù kẹjọ ọdún yóò fojú ara rẹ̀ rí i. Lóru, àwọn àgbẹ̀ á tan tọ́ọ̀ṣì wọ oko àgbàdo. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tọkùnrin tobìnrin ti pàtẹ, ìrẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìkòkò amọ̀ kékeré tirẹ̀. Àwọn oníbàárà ń wọkọ̀ wá láti Shanghai àti Beijing. Wọ́n á ṣí ọmọrí, wọ́n á wo orí, wọ́n á wo ehín, ló bá di ná-n-ná. Òmíràn ò ju yuan mélòó kan lọ, òmíràn ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Akọ ni wọ́n ń wá jù, torí akọ ló ń jà.

Ìjà ọ̀hún kì í pẹ́. Wọ́n á gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kí ọ̀kan má baà tẹ̀wọ̀n ju èkejì, wọ́n á fi koríko tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ wọn títí inú á fi bí wọn. Láti ibẹ̀, ọwọ́ olówó ìrẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ó ti yàn, ó ti bọ́ ọ, ó ti fowó lé e. Ó ku kó máa wòran. Èyí tó bá sá ti fìdí rẹmi, èyí tó borí á máa han.

Irú ìwòran yìí náà ni àwọn ọmọ Ṣáínà kan, Drodo, gbé wọnú kọ̀ǹpútà ní January 2019. Dota Auto Chess ni wọ́n pe eré náà. Èèyàn mẹ́jọ ní í ta á, oníkálùkù á fi góòlù ra jagunjagun, á tò wọ́n, wọ́n á sì máa jà fúnra wọn. Ṣùgbọ́n góòlù eré lásán nìyẹn, ẹni tó bá pàdánù á tún un ta.

Owó gidi ni ti Shanghai! Níbi tí tẹ́tẹ́ bá ti gbóná, wọ́n á kó gbogbo ìrẹ̀ pamọ́ sílé kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ìjà, kí ẹnikẹ́ni má baà fún tirẹ̀ lóògùn. Ẹ ò rí nǹkan! Àgbàlagbà ń ṣọ́ kòkòrò bí ẹni ń ṣọ́ báńkì. Àrùn ọ̀hún ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Jia Sidao, olórí àwọn mínísítà tó kú ní 1275, kọ ìwé lórí ìrẹ̀. Wọ́n ní ìdí ìrẹ̀ ló wà nígbà tí àwọn Mongol ń gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Òfin ò lòdì sí ìjà ìrẹ̀, tẹ́tẹ́ ló kọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí ta á, torí bí ọlọ́pàá bá já wọlé, owó tó wà nílẹ̀ ti lọ nìyẹn, àwọn tó jókòó tì í náà á sì bá wọn dé àgọ́.