Ìyá Erin ní Yankari

Ní ìsinmi Ọdún Àjíǹde, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ sí ọgbà ẹranko Yankari ní Ìpínlẹ̀ Bauchi. A kọ́kọ́ wẹ̀ nínú ìsun omi Wikki, tí ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán-tòru, tí ó sì mọ́ gaara.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ gbé wa dé ẹ̀bá odò Gaji, níbi tí agbo erin ti ń mumi. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, fi ayọ̀ kígbe. Ẹ̀bi mi ni. N kò kìlọ̀ fún un. Lójú ẹsẹ̀ ni ìyá erin kan yíjú sí wa, ó na etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì dúró gbọn-in láàárín àwa àti ọmọ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo ọmọ tèmi lẹ́nu, mo gbá a mọ́ àyà. Ìyá méjì ń wo ara wọn. Nígbà tí ó ṣe, ó da ọmọ rẹ̀ síwájú, wọ́n bá tiwọn lọ.

Nǹkan bí oṣù 22 ni erin fi ń lóyún. Ta ni yóò bá a wí bí ó bá fi ojú méjèèjì ṣọ́ ọmọ rẹ̀? Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń mú ọmọ lọ wo ẹranko, láti ilé ni kí ẹ ti kọ́ ọ pé àlejò ni yóò jẹ́ nínú igbó. Àlejò kì í sì í pariwo nílé onílé.