Òru Kan Lẹ́sẹ̀ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Kútọnù lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, tí ó ti kọjá Bohicon àti Ìdàáṣà, yóò rí àwọn òkè kí ó tó rí ìlú. Ìrìn nǹkan bí 250 kìlómítà ni. Àpáta ńláńlá ni wọ́n, wọ́n dá dúró láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀, orí wọn sì ń dán bí orí àgbà tí ó pá. Àárín wọn ni àwọn baba ńlá wa sá pamọ́ sí nígbà tí ogun Dàhòmì ń da ilẹ̀ yìí láàmú. Ọ̀pọ̀ àlejò ni í máa ń ya àwòrán wọn lọ́sàn-án. Èmi lọ ya ojú ọ̀run tí ó wà lórí wọn lóru.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí ó tọ́ mi dàgbà, ni ó mú mi lọ. Àgbẹ̀ ni, Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó sì ń gbé. Òun ni ó fi Àgùàlà hàn mí nígbà èwe mi, tí ó ní àwọn ènìyàn ń pè é ní ajá òṣùpá nítorí pé ó ń bá a rìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ojú Bàbá ti ń ṣú. Ó ṣì ń rí ohun tí a bá gbé súnmọ́ ọn, pàápàá bí ohun náà bá ní ìmọ́lẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ti kúrò ní ohun tí ó lè rí. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, a jókòó síta lálẹ́, ó gbé ojú sókè, ó sì bi mí pé: «Ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀?»

Olùkọ́ ni mí ní Àjàṣẹ́, owó oṣù mi kò sì ká ẹ̀rọ olówó ńlá. Àlòkù ni mo rà: Canon 1100D, irú èyí tí ó jáde ní ọdún 2011, pẹ̀lú awò 18-55 mìlímítà tí ó bá a wá. 60.000 fránkì ni mo san. Ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo rà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn fi ń mì ín, nítorí náà mo so àpò òkúta kan rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìdúró rárá lè rọ yanrìn sínú àpò ìrẹsì, kí ó gbé ẹ̀rọ lé e lórí. Fóònù pàápàá lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ń jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa yan iye àkókò. Ohun tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó mira.

Àkókò ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, eruku ọyẹ́ a máa bo ojú ọ̀run. Ní àkókò òjò, ìkùukùu ni. Àǹfààní wa wà ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti fọ eruku dànù, àti ní ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé. Kí a sì yan òru tí òṣùpá bá ti wọ̀ọ̀kùn. Stellarium, ètò ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà, yóò fi hàn wá ibi tí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wà ní wákàtí tí a bá fẹ́.

Mo lọ ní ìparí oṣù Kẹta. Mo kọ́kọ́ kí àwọn àgbà àdúgbò, nítorí pé ibi kan wà lórí òkè tí àlejò kì í dédé gùn. Wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tì mí lẹ́yìn. Nígbà tí aago mẹ́ta òru lù, a ti dé orí àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn ìlú. Mo fi ọ̀rá pupa we ojú tọ́ọ̀ṣì mi, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà ba ojú wa jẹ́. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ojú ènìyàn nílò kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára.

Ọ̀nà funfun tí àwọn Faransé ń pè ní Voie lactée ti yọ ní gúúsù ìlà-oòrùn, lókè òkè gan-an. Lápá ọ̀tún, ìràwọ̀ mẹ́rin Croix du Sud ti ń tẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn wa, ìràwọ̀ àríwá fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ilẹ̀. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò ga ju ìwọ̀n dígírì 8 lọ.

Àwòrán àkọ́kọ́ bàjẹ́. Mo ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ wá ohun tí yóò tẹjú mọ́, kò sì rí nǹkan kan. Mo yí bọ́tìnnì ara awò kúrò ní AF sí MF, mo sọ ìràwọ̀ kan tí ó tàn jù lọ di ńlá lójú ẹ̀rọ, mo sì rọra yí awò títí ìràwọ̀ náà fi kéré bí orí abẹ́rẹ́. Àwòrán kejì tún bàjẹ́: ìṣẹ́jú àáyá 30 ni mo fún un, gbogbo ìràwọ̀ sì gùn bí hóró ìrẹsì. Ayé ń yí, dígírì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ̀rọ sì rí i. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fún ẹ̀rọ bí tèmi, ẹ sọ gígùn awò di ìlọ́po 1,6: 18 yóò di 28,8. Ẹ fi í pín 500, ẹ ó rí nǹkan bí 17. Mo wá yan 15.

Ètò tí ó ṣiṣẹ́ nìyí: M lórí ẹ̀rọ, kí ọwọ́ wa lè darí ohun gbogbo, awò ní mìlímítà 18, f/3,5, èyí tí ó ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ìṣẹ́jú àáyá 15, ISO 3200, kí a sì tọ́jú àwòrán ní RAW. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì lẹ́yìn tí mo bá tẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ mi má baà mì ín. Mo ya mẹ́wàá láìyí ohunkóhun padà. Nígbà tí mo délé, mo fi Siril, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, pa wọ́n pọ̀, àwọn àmì wínníwínní tí ISO ńlá máa ń mú wá sì dínkù.

Mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú Bàbá. Ó tẹ orí mọ́ ọn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀.

«Wọ́n pọ̀ ju bí mo ti mọ̀ wọ́n lọ.»

Mo ṣàlàyé pé ojú wa kì í lè tọ́jú ìmọ́lẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń kó o jọ títí ìṣẹ́jú àáyá 15 yóò fi pé. Ó mi orí. Ó wá fi ìka kan igun àwòrán nísàlẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ́súrẹ́sú kan ti bo ẹsẹ̀ ọ̀run.

«Iná wo nìyí?»

«Iná ìlú ni, Bàbá. Àwọn òpó iná ojú títì.»

«Apá ibẹ̀ ni a máa ń wò kí a tó jáde lọ sóko.»

N kò bá iná ìlú jà. Àwọn ìyá tí ń tajà lálẹ́ mọ oore rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tí a bá dé lórí, tí ó dojú kọ ilẹ̀, yóò tan ojú ọ̀nà fún wa, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ bo ìràwọ̀. Àwọn tí ń ri òpó mọ́lẹ̀ ní ìlú wa lè rò ó kí wọ́n tó ri èyí tí ó kàn.

Bàbá ní kí n tẹ àwòrán náà sórí ìwé fún àwọn ọmọ ilé. Mo ní n ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ jáde wò ó fúnra wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mẹ́rin nínú wọn jókòó tì í ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rí fún un, òun sì ń bi wọ́n pé apá ibo ni.